Ọjọ́ Tí Omi Rédíétọ̀ Bó Bàbá Mi Lójú

Títí ayé mi, n kò ní gbàgbé ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Bàbá mi fi ọkọ̀ gbé wa láti Challenge, a forí lé ilé ìwòsàn kan ní Dùgbẹ̀. Bí a ṣe ń sún mọ́ Òkè-Àdó, òórùn jíjó gba inú ọkọ̀.

Mo ní, "Dádì, èéfín ń rú níwájú."

"Ó máa gbé wa débẹ̀."

Kò gbé wa débẹ̀. Ó kú sójú títì. Bàbá mi ṣíná fún un títí, kò dáhùn. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n fi tówẹ̀lì di ìdérí rédíétọ̀ mú.

Màmá mi pariwo pé, "Ẹ má ṣí i! Ó ṣì gbóná!"

Omi tó ń hó tú sí bàbá mi lójú. N kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Tìrọbítìrọbí ni màmá mi sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń da omi tútù sí bàbá mi lójú. Ìyá kan tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ló gbé wa dé ilé ìwòsàn.

Mẹkáníìkì padà sọ pé fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí rédíétọ̀ ọkọ̀ náà ni kò yí mọ́.

Nírọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì gbé àbúrò mi tuntun tọ bàbá mi lọ. Ojú òsì nìkan ni wọ́n fi rí i lọ́jọ́ náà, òun náà ni wọ́n sì fi ń rí i títí dòní.