Ìkúnlẹ̀ Lábẹ́ Ọ̀sà

Kí a tó wọ omi lọ́jọ́ náà ni gbogbo rẹ̀ ti sú mi. Léraléra ni mo ti tẹ̀lé ọ̀gá mi láti Ìyànà-Ìbà wá sí etí ọ̀sà Ọ̀jọ́, tí mo gbé táńkì afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, tí mo wọ ìsàlẹ̀ lọ, tí mo sì jáde lọ́wọ́ òfo. Ẹṣin òkun tí à ń wá kò gùn tó ìka mi. Ẹja ni, àmọ́ orí rẹ̀ dà bíi ti ẹṣin, ohun tó bá sì fi ìrù dì mú ni àwọ̀ rẹ̀ ń jọ. Ọ̀gá mi, àgbà obìnrin tó ń ṣèwádìí ẹja, ti sọ pé bí mo bá lè ya ẹyọ kan ní fọ́tò, àwọn á gbà mí síṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń padà wá.

Nísàlẹ̀, ọ̀gá mi nàka sí okùn àwọ̀n àtijọ́ kan. Mo wò ó títí, okùn ni mo ń rí. Inú bí mi sí okùn náà. Àfi bí ojú kékeré kan ṣe yí lára rẹ̀: ẹṣin òkun ni. Wọ́n na kámẹ́rà sí mi.

Mo kúnlẹ̀.

N kò rò ó. Bí àgbàlagbà bá na nǹkan sí mi, orúnkún mi kì í bi mí léèrè. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹrẹ̀ sì rú bò wá. Nígbà tó máa fi rọlẹ̀, ẹṣin òkun náà ti lọ, okùn lásán ló kù.

Nínú ọkọ̀, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn.

“Ta ló ní kó o kí mi lábẹ́ omi?”

“Ẹ má bínú, mà.” Orúnkún mi tún ti ń tẹ̀.

“Jókòó. Bó o bá tún kúnlẹ̀ fún mi, ilé lò ń lọ.”

A padà wọ omi, a wá okùn náà láti ìdí dé orí kí wọ́n tó tún rí òmíràn. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi di okùn mú kí ẹsẹ̀ mi má baà kan ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n na kámẹ́rà sí mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi gbà á. Ó dùn mí bí ẹni tó bú ìyá rẹ̀. Mo ya fọ́tò náà.

Nígbà tí a gòkè, mo wo fọ́tò náà: okùn. Ọ̀gá mi gba kámẹ́rà náà, wọ́n fìka fẹ àwòrán náà lójú.

“Ojú rẹ̀ rèé. Máa bọ̀ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.”

Mo fẹ́ ṣàlàyé pé n kò fi ọwọ́ òsì rí wọn fín, pé ọwọ́ ọ̀tún ni kò sílẹ̀, pé ó ṣì ń dùn mí. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí orúnkún, ọkọ̀ sì fì sápá kan. Ọ̀gá mi di etí ọkọ̀ mú, wọ́n ń wò mí.