Orin Tí Bàbá Kò Lè Kà Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, inú mi bàjẹ́ lónìí.

Ìdí rẹ́kọ́ọ̀dù ni mo ti fi etí kọ́ jìtá. Bàbá kan tó máa ń tẹ dùùrù tẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Aké ló wá ń kọ́ mi láti ka àmì orin.

A ò tíì kọ́ ọ jìnnà tí ojú wọn fi fọ́. Lónìí, wọ́n na ìwé kan sí mi, orin tí wọ́n kọ nígbà tí ìyàwó wọn kú.

"Fi jìtá ẹ ta á. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Ìlà kìíní nìkan ni mo rí kà.

"Bàbá, ẹ fi ẹnu kọ ọ́, màá bá yín gbè é."

"Mo ti gbàgbé ẹ̀, ọmọ mi."

Ni omijé bá bọ́ lójú wọn.

Ta ló mọ àmì orin kà nínú yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́la.