Súwíìṣì Inú Ọkọ̀ Àbẹ̀kẹ́

Àbẹ̀kẹ́ Òpó. Ọmọ Òpómúléró, ọmọ ará Ìwàtá. Afìyẹ̀funṣàtíkè, ìyá àwọn oníbúrẹ́dì, adúmáadán, obìnrin tí í jókòó sídìí ọkọ̀ bí ìjòyè lórí àga. Ìyàwó mi ni. Bí mo ṣe máa ń kì í nìyẹn láàárọ̀ tó bá ń yọ ọkọ̀ jáde, òun á sì ní kí n kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ kí òun má baà gbá mi.

N ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní abúlé wa ní Ọ̀ṣun kí n tó wá sí Ọ̀tà, tí mo gbaṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páànù ìbolé. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n fi mí sí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun díẹ̀ tí mo mọ̀ nípa iná àti wáyà, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n, torí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe máa ń ní kí n bá àwọn di tọ́ọ̀ṣì mú, mo sì máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè títí wọ́n á fi ní kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n n ò mọ ọkọ̀ wà. Àbẹ̀kẹ́ ló ń wa ọkọ̀ nílé wa.

Ìyẹ̀fun ló ń gbé. Á gbé e ní Sango, á pín in fún àwọn oníbúrẹ́dì ní Itele àti Ilo-Awela, nígbà mìíràn á gbé e dé Adó-Odò. Wágọ̀n àlòkù ni ọkọ̀ rẹ̀, gíà ọ̀tò, èyí tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tú ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, àpò mẹ́jọ sì ń wọ ibẹ̀ dáadáa.

Òkè kan ló ń dà á láàmú, lọ́nà ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì rẹ̀ kan ní Ilo-Awela. Bí ọkọ̀ bá gùn ún dé ìdajì, gíà á wọ kẹrin, agbára á tán. Á já sí kẹta, á tún fẹ́ wọ kẹrin, bí ọkọ ìyàwó tó dé ẹnu ọ̀nà àna rẹ̀ tí kò mọ̀ bóyá ìta ni kí òun ti dọ̀bálẹ̀ ni tàbí inú ilé. Àbẹ̀kẹ́ á ní, "Gíà yìí ń ṣiyèméjì." Ó ti gbìyànjú kí ó máa fa gíà sójú kejì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá dé ilẹ̀ títẹ́jú, á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké títí á fi gbóná. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ náà dúró pátápátá lórí òkè yẹn, ó ń fi ẹ̀yìn rìn tòun ti ẹrù, ó sì lọ fi ìdí gbá kẹ̀kẹ́ Márúwá kan. Kò sẹ́ni tó fara pa.

Àkọ́bí wa gbọ́. Àkànní ni mo ń kì í, mo sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ó wá lọ́jọ́ Àìkú, kò tiẹ̀ mu omi.

"Màámi, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn fún mi. A máa ta ọkọ̀ yẹn."

"Èmi ni mo bí ẹ ni, àbí ìwọ lo bí mi?"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, Mà. Ìdí tí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn rìn lórí òkè pẹ̀lú ìyẹ̀fun, ó máa pa yín."

"Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun ló pa mí, wọn ò ní láti fi àtíkè kùn mí mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Àkànní ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn, nígbẹ̀yìn wọ́n fẹnu kò sí ibì kan: ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọkọ̀ bá gbé àpò mẹ́jọ gun òkè yẹn láìdúró, tí Àkànní wà níbẹ̀ tó ń wò ó, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá gùn ún, Àbẹ̀kẹ́ á gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé òwò nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, inú ilé ni Àbẹ̀kẹ́ máa jókòó sí, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sílé.

A gbé ọkọ̀ lọ bá ríwáyà, ẹni tó ń ṣe iná ọkọ̀ fún un. Àlàó ni oríkì rẹ̀, àgbà òṣìṣẹ́ ni, ìsọ̀ rẹ̀ fara ti ògiri ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike. Ó gbọ́ ẹjọ́ tán, ó na ìka sí dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Àlájà, ẹ wo ojú ihò tí wọ́n fi ike dí yìí. Irú ọkọ̀ yìí kan náà tí wọ́n ṣe fún olówó, súwíìṣì ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, gíà ò ní máa kánjú wọ kẹrin. Á dúró lórí kejì, á dúró lórí kẹta, títí ẹ́ńjìnnì á fi lágbára tó."

Mo bi í pé, "Ṣé gíà tó jù báyìí lọ ni wọ́n fi sínú ti olówó?"

"Gíà kan náà ni, Bàbá. Búréènì, àpótí tó ń darí ẹ́ńjìnnì àti gíà, ọ̀kan náà ni. Ojú ibi tí wáyà ń wọ̀ wà lára búréènì tiyín náà, wọn ò kàn fa wáyà débẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn yà mí lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ̀ tó mọ iṣẹ́ kan ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́, tí ẹnikẹ́ni ò bi í rí. Mo ń lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó rí irú ọkọ̀ náà tó ní súwíìṣì lọ́dọ̀ àwọn tó ń já ọkọ̀ tà, ó yọ súwíìṣì náà, ó sì wo ihò tí wáyà rẹ̀ wọ̀ lára búréènì. Ó padà wá, ó yọ búréènì tiwa lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ihò. Èmi náà ń kà á tẹ̀lé e. Iye kan náà la kà.

Níbi tó ti fẹ́ parí ló ti ṣìṣe. Nínú iṣẹ́ tiwọn, gbogbo súwíìṣì ló ń gbé iná lọ: iná iwájú, họ́ọ̀nù, fáànù. Torí náà ó fa iná láti fíúsì, ó gbé e gba inú súwíìṣì, ó fi fún búréènì. Àbẹ̀kẹ́ tẹ̀ ẹ́. Iná pupa kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, gíà sì há sórí kẹta, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

"Ríwáyà, ṣé o ti pa á?"

"Kò kú, Àlájà. Ó ń bínú ni."

"Ta ló máa bá mi bẹ̀ ẹ́? Ó ku ọjọ́ mẹ́ta."

Èmi ni mo ní kó jẹ́ ká padà lọ wo ọkọ̀ tó ti yọ súwíìṣì. Mo rántí ẹ̀rọ kan nílé iṣẹ́ wa tí àpótí ìdarí rẹ̀ kì í gba iná lọ́wọ́ súwíìṣì. Ó ní iná tirẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó ń retí ni kí wọ́n so òun mọ́ irin lásán, ohun tí àwọn ríwáyà ń pè ní bọ́dì. Mo sọ ọ́ fún un.

"Bàbá, láti kékeré ni mo ti ń já wáyà. N ò rí súwíìṣì tí kì í gbé iná rí."

"Jẹ́ ká sáà lọ wo ibi tí wọ́n dè é mọ́."

A lọ. Wáyà kejì tó ti wà lẹ́yìn súwíìṣì yẹn, irin ara ọkọ̀ ni wọ́n fi bóòtù dè é mọ́. Ríwáyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a ń padà bọ̀ ló tó ní, "Ẹ má sọ ọ́ fún àwọn tó wà nísọ̀, ẹ jọ̀ọ́." N ò sọ ọ́, àfi níbí.

Ó yọ orí bátìrì. Ó ní bó bá wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, búréènì á gbàgbé gbogbo ohun tó ń bí i nínú. A jókòó, a jẹ búrẹ́dì àti àkàrà, mo sì ń wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń gbàgbé. Mo ti ronú nípa ìyẹn gan-an láti ìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ ti lọ. Èmi ò ní orí bátìrì tí wọ́n lè yọ. Nígbà tó so ó padà, tó so súwíìṣì mọ́ bọ́dì, iná pupa ò tàn mọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Àkànní jókòó sí iwájú pẹ̀lú ìyá rẹ̀, èmi jókòó sórí ìyẹ̀fun. Ní ìsàlẹ̀ òkè, Àbẹ̀kẹ́ tẹ súwíìṣì. Ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà, ó ki. Mo ń gbọ́ ọ láti inú àpò tí mo jókòó lé. A dé ibi tó ti máa ń ṣiyèméjì, mo di ara mi mú. Kò ṣiyèméjì. Ó dúró lórí gíà kan náà títí a fi rí òrùlé ilé búrẹ́dì.

Àkànní tẹjú mọ́ súwíìṣì náà. Ó wá ní, "Epo tó máa jó ńkọ́, Mà?"

"Ìwọ lo máa rà á ni?"

Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé àpò kìíní.

Ó lé ní ọdún kan àbọ̀ tí Àbẹ̀kẹ́ tún fi wa ọkọ̀ náà. Mo máa ń bi í bó ṣe ń rí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá tẹ súwíìṣì, torí n ò lè mọ̀ ọ́n fúnra mi. Nígbà tí ìbéèrè mi sú u, ó ní, "Ó dà bíi pé mo sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbọ́."

Lẹ́yìn náà ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, èémí rẹ̀ ń kúrú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbé ìyẹ̀fun dé, ó wọlé, ó jókòó, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́.

"Bàbá wọn, ẹ gbà á. Ẹ sọ fún Àkànní pé kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo gbé e sílẹ̀."

Mo sọ fún un. Ó ní òun gbọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àbẹ̀kẹ́ kú. A sin ín lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ní ibi tí wọ́n ń sin àwọn Mùsùlùmí sí ní Ọ̀tà.