Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo tí Tíṣà Phebe Kọ́

Ẹ béèrè Tíṣà Phebe ní Igbona, kò sẹ́ni tí kò ní nawọ́ sí ilé rẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà kí ìjọba tó ní kó lọ sinmi, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì. Bí ọlọ́kadà bá gbé e kọjá ibi tó ń lọ, á bá a wí títí ọ̀gbẹ́ni náà yóò fi ṣẹ́rí padà, tí yóò tún tọrọ àforíjì. Ẹnu rẹ̀ mú o. Ẹ má dán an wò.

Obìnrin yìí ló wá di akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Tóbilọ́ba, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, wà ní Sípéènì, ó sì bí ọmọbìnrin kan síbẹ̀ tí Màmá kò tíì bá sọ̀rọ̀ rí. Tóbilọ́ba ní Lucy ló ń jẹ́, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, èdè Sípéènì nìkan ló sì gbọ́. Ìgbàkigbà tí Màmá bá ní kó gbé fóònù fún ọmọ, èsì kan náà ni: "Yèyé, kò ní gbọ́ yín o. Ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i."

"Ta ni yóò dúró dè é kó dàgbà?" ni Màmá wí. Ó mú ìwé àti bírò, ó di ọ̀dọ̀ Rùkáyà tó ń dirun ní Òkè-Fìà, ẹni tó lo ọdún mọ́kànlá ní Sípéènì kó tó padà wálé. Màmá ní òun kò fẹ́ gbogbo èdè náà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: ohun tí ọmọ ń pe ìyá àgbà rẹ̀.

"Abuela ni, Màmá," ni Rùkáyà wí, irun oníbàárà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá bàbá, ìyá ìyá, abuela náà ni. Bí ọmọ bá fẹ́ kẹ́ ẹ, a ní abuelita. Mi abuela ni ìyá àgbà mi, tu abuela ni ìyá àgbà rẹ. Rùkáyà ní àwọn kan tilẹ̀ máa ń pe arúgbó tí wọn kò mọ̀ rí bẹ́ẹ̀ ní títì, àwọn arúgbó mìíràn a sì bínú.

"Kí ló ń bí wọn nínú?" ni Màmá wí. "Èmi tí mo ń wá ẹni tí yóò pè mí!"

Lọ́sàn-án Sátidé kan, nínú ṣọ́ọ̀bù Rùkáyà, Màmá pe Tóbilọ́ba lórí fídíò. Ọmọ ló gbé e, bàbá rẹ̀ wà nílé ìwẹ̀. Ojú ọmọ kún inú fóònù, iwájú orí rẹ̀ jọ ti bàbá bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Inú Màmá dùn.

"Soy tu abuela," ni ó wí ketekete, bí ẹni ń pe àpèkọ fún kíláàsì. Èmi ni ìyá àgbà rẹ.

Ọmọ náà mi orí pé rárá. Ó nawọ́ sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn. Màmá gbọ́ abuela nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ọmọ fìka lu àyà ara rẹ̀, ó sì pe orúkọ kan tí Màmá kò nílò ògbufọ̀ fún: Yétúndé.

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ Rùkáyà.

"Kí ló wí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n padà tó bá yá."

"Rùkáyà, kí ló wí?"

"Ó ní abuela òun wà lọ́run. Ó ní ìdí nìyẹn tí bàbá òun fi sọ òun ní Yétúndé."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀. Ta ló ń sọ ọmọ ní Yétúndé nígbà tí ìyá àgbà kò tíì kú? Ìyá ìyàwó Tóbilọ́ba ń bẹ láyé, Kérésì tó kọjá yìí ni Tóbilọ́ba fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Òun Phebe nìkan ló kù tí wọ́n lè sin.

Tóbilọ́ba yọ, tówẹ̀lì lọ́rùn. Bó ṣe rí ojú ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Tóbilọ́ba, ìgbà wo ni mo kú?"

"Yèyé, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Bàbá."

Màmá wá rántí. Ní Iléṣà ni, létí kòtò. Ìwé ìgbélùú kò tíì tẹ Tóbilọ́ba lọ́wọ́, kò lè wá da yẹ̀pẹ̀ sí bàbá rẹ̀ bí àkọ́bí ṣe ń ṣe. Ọmọ àbúrò ọkọ ló bá a dà á, ojú sì ti Màmá níwájú mọ̀lẹ́bí. Ibẹ̀ ló ti gbé fóònù sétí: "Ìwọ tí o kò wá sin bàbá rẹ, ka èmi náà mọ́ òkú. Láti òní lọ, o kò ní ìyá." Gbogbo ìgbà tí Tóbilọ́ba pè lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé e. Kérésì tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e, lẹ́yìn ọdún méje.

"Mo pè yín lọ́jọ́ tí a bí i," ni Tóbilọ́ba wí láti ilẹ̀. "Ẹ ò gbé e. Nígbà tí ẹ wá gbé e, n kò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé ẹ jí. Lucy ni orúkọ rẹ̀ kejì."

Tíṣà Phebe, ẹni tó ń bá gbogbo Igbona wí, fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ẹnu.

Ọmọ náà tún sún mọ́ fóònù, ó ń wò ó fín-ín-fín-ín.

"Abuela?" ni ó pè é, ó sì béèrè nǹkan kan.

Rùkáyà túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní ṣé òtútù ń mú yín lọ́run níbẹ̀."

Omi dà lójú Màmá. "Sọ fún un pé ó ń mú mi," ni ó wí. "Ọdún méje ló ti ń mú mi."