Fíìmù Tó Pín Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Mi Níyà

Òórùn bẹntiróòlù àti ti ẹní tí òjò ti rẹ ni mo fi máa ń mọ̀ pé a ti dé ilé fídíò yẹn ní Ìkìrun. Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín. Yàrá tó ń kó kòkó sí tẹ́lẹ̀ ló gbé tẹlifíṣọ̀n sí, ó fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, ó sì to bẹ́ǹṣì síwájú rẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á wọ bọ́ọ̀sì láti Inísà lọ síbẹ̀. Ìwọ náà á rántí fíìmù alápá mẹ́ta tó gba ìgboro ní ìparí àwọn ọdún 1980 yẹn, ìtàn olóyè òǹrorò kan tó lé ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sínú òjò, tó gba ilẹ̀ àwọn opó, tí kò sì bẹ ẹnikẹ́ni títí ó fi kú sórí ìjókòó rẹ̀ láìsí ẹni tó máa bá a pa ojú dé. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ la mọ̀ lórí. Tó bá ti ń kú lọ ní apá kẹta, gbogbo yàrá á pàtẹ́wọ́, àwa méjèèjì á sì pa tiwa kíkan ju ti gbogbo wọn lọ.

A kì í sọ ìdí rẹ̀ fún ara wa. Bàbá tiwa wà láàyè ní Òkukù, ọ̀nà rẹ̀ kò jìn rárá. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí, ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ mẹ́sàn-án, nígbà tí bàbá wa kó ẹrù ìyá wa síta ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tó sì ti ilẹ̀kùn. Ìyá wa kó wa lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Inísà. Kò dárúkọ bàbá wa mọ́ títí ó fi kú.

Ọdún mélòó kan kọjá kí wọ́n tó gbé fíìmù mìíràn jáde. Kì í ṣe apá kẹrin. Ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ kí apá kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ni, nígbà tí olóyè yẹn ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Wọ́n fi hàn wá bí bàbá rẹ̀ ṣe ń nà án, bí àwọn ẹbí ṣe gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, àti bí ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀ ṣe kú sórí ìkúnlẹ̀, tó sì gbé òkú náà pọ̀n láti oko dé ilé. Nígbà tí wọ́n ṣí fèrèsé, àwọn kan ń nu ojú, àwọn kan ń pòṣé.

"Wọ́n ti bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́!" Awakọ̀ yẹn ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Ta ló ní kí wọ́n máa dá a láre?"

Tíṣà kan tó jókòó níwájú dá a lóhùn. "Bàbá, wọn ò dá a láre. Wọ́n kàn fi ibi tó ti ń bọ̀ hàn wá ni."

"Èmi ò bèèrè ibi tó ti ń bọ̀!"

Àríyànjiyàn náà bọ́ síta, ó dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó dé gáréèjì. Kò pẹ́ tí àwọn tó fẹ́ràn ti àtijọ́ fi ń jókòó lápá ọ̀tún, tí àwọn ti tuntun wà lápá òsì. Ìyàwó awakọ̀ gan-an wà lápá òsì. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí, á sáré yọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, á fi tuntun sí i.

Nínú bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ojú ẹ̀gbọ́n mi ṣì pọ́n.

"Mo fẹ́ lọ wo Bàámi," ó sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, fíìmù ni. Ẹnì kan ló jókòó tó kọ ọ́. Ẹkún tó fẹ́ kí ẹ sun náà lẹ sun yẹn."

"Mo mọ̀. N ò ní kí o dárí jì wọ́n. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ṣe wọ́n ni."

"Ẹ máa lọ. Ẹ má pè mí, ẹ má sì wá ròyìn fún mi."

Ó lọ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó ń lọ léraléra. Ilé kan náà là ń gbé, àmọ́ ìkíni nìkan ló kù láàárín wa. Tá a bá dé Ìkìrun, òun á jókòó lápá òsì, èmi á jókòó lápá ọ̀tún. Mo rò ó pé bí mo bá gbọ́ ìdí tó fi lé wa, àánú bàbá yẹn á ṣe mí, n kò sì fẹ́ kí àánú rẹ̀ ṣe mí.

Kò pé ọdún kan tí ìròyìn ikú bàbá wa fi dé. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀ ní Òkukù nítorí pé àwọn ará ilé wa ní Inísà ń wò mí. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí imú rẹ̀ jọ tèmi gan-an wá kí mi. "Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Níbo lẹ ti wá?" Mo ní Inísà. Ó fún mi ní àga, ó gbé ìrẹsì wá, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ẹran rẹ̀ le. Nínú gbogbo ọjọ́ yẹn, ẹran líle yẹn ni mo rántí jù.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé tí wọ́n ń pè é lórúkọ.

"Kí ló sọ?" mo bi í.

"Nípa kí ni?"

"Ohun tó fi lé wa."

Kò gbójú sókè. "Wọn ò sọ nǹkan kan. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní àwọn ò rántí mọ́."

"Kí lẹ wá ń wá ṣe níbí látọjọ́ yìí?"

"Mo máa ń bá wọn gé èékánná. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́."

"Ṣé ó bèèrè mi?"

"Wọ́n bèèrè. Wọ́n ní ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ iléèwé."

Mo ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn. Mo dúró, mo ń retí kí nǹkan kan ṣe mí, ìbínú ni o, ẹkún ni o. Kò sí ohun tó ṣe mí. Mo fa àpótí kan, mo jókòó, mo bá wọn ṣa ẹ̀wà.

Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà. Gbogbo àwa tá a pín sí méjì nínú yàrá yẹn, ohun kan náà la gbà gbọ́, pé ìdí kan wà níbì kan. Ìjà wa ò ju bóyá ó yẹ kí wọ́n fi hàn wá tàbí kò yẹ. Ẹ̀gbọ́n mi lọ wá ìdí náà dé ojúlé rẹ̀, kò bá a níbẹ̀, ó sì tún ń padà lọ síbẹ̀. Èmi jókòó sílé ní tèmi, mò ń sá fún ìtàn kan tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni rárá.