Wákàtí Kan Láàárín Èmi àti Ilé

Tí òjò oṣù kẹta bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Torino, òórùn kan máa ń jáde láti inú ọgbà kékeré tó wà níwájú ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ìlú náà. Òórùn ilẹ̀ tútù ni, àti ti ewé tí kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lórí igi, pẹ̀lú kọfí tó ń ta sánsán bọ̀ láti òdìkejì títì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé níbí, mo sì ti gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà yẹn kọjá láìmọye ìgbà láìwo igi kankan, torí ẹni tó ń sáré bá ọkọ̀ kì í ka ewé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àìkú kan báyìí, bí mo bá ti gbóòórùn náà, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ, ìwọ tí o mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn máa fi fóònù wo ilé.

Ìgbà ìrúwé ọdún náà, iṣẹ́ ò jẹ́ kí n gbélé. Muletto ni mo máa ń tún ṣe, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìka irin méjì gbé ẹrù gòkè nínú àwọn ilé ẹrù ńlá. Ọ̀gá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní Padova, ó sì fi mí ránṣẹ́ síbẹ̀ ní trasferta, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ń rán ni lọ ṣe nílùú mìíràn, fún oṣù méjì. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ, kí n lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń padà sí Moncalieri, níbi tí à ń gbé. Mo fẹ́ràn ìrìn náà ju bí mo ṣe ń jẹ́ kí ìyàwó mi mọ̀. Mà á fi orí ti fèrèsé, igi eléso tó ń tanná á máa sáré kọjá, oko tí wọ́n bu omi sí á máa tàn yinrin, ojú ọ̀run á wà lókè, á tún wà nísàlẹ̀. Nígbà mìíràn mi ò mọ̀ bóyá mo sùn tàbí mo jí. Nínú ọkọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni ò lè bi mí ní ìbéèrè.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa lásìkò náà. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọkùnrin kan lé ọmọbìnrin wa ọmọ ọdún méje, ìyá mi sì wá láti ilé láti bá wa wẹ ọmọ. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré ni àṣẹ tí wọ́n fún wọn. Wọ́n gbé òórùn kánfọ̀ wọlé, wọ́n gbé ọṣẹ dúdú àti gàrí, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ kan tí wọn ò tú pẹ̀lú ẹrù. Ọjọ́ tí wọ́n dé gan-an ni wọ́n ti wò mí lójú. "Àjàní, mo ní ọ̀rọ̀ kan bá ọ sọ. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìjókòó." Mo ní ó dára, màmá. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi wá àga.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni. Ó ti pé ọdún mẹ́fà nígbà náà tí wọ́n ti kú. Lọ́dún tí wọ́n kú, mi ò tíì gba permesso, ìwé tó ń fún àlejò láṣẹ àtigbé ilẹ̀ yìí. Bí mo bá fi jáde, ilẹ̀kùn ti tì lẹ́yìn mi nìyẹn. Àbúrò mi ló bu yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ sórí pósí. Èmi àkọ́bí wò ó lórí fóònù nínú ilé ìdáná ilé oúnjẹ kan tí mo ti ń fọ abọ́, ìfófòó ọṣẹ lápá mi méjèèjì. Ojú tì mí, kò sì tíì yé tì mí. Ṣùgbọ́n inú tún ń bí mi sí ìyá mi, torí kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bàbá mi ń ṣàìsàn. Ojoojúmọ́ ni mo ń pè, ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń sọ pé, "Bàbá rẹ ti sùn," títí ọjọ́ tí wọ́n fi sùn tí wọn ò jí mọ́. Nígbà tí ìwé mi jáde tí mo lọ sílé, èrò kún ilé bámúbámú, a fi ẹ̀rín àti ẹran ewúrẹ́ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Torí náà mo sọ òpin ọ̀sẹ̀ di ìrìn àjò. Mo pè é ní ìtọ́jú ìyá. Mo mú wọn lọ sí ọjà Porta Palazzo, wọ́n fi Yorùbá ná ata lọ́wọ́ ọkùnrin ará Morocco kan, ọkùnrin náà sì fi èdè tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó dín owó. Mo mú wọn lọ sí Parma láti kí ọmọ ìlú wa kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń so itan ẹlẹ́dẹ̀ rọ̀. Ìyá mi béèrè bí ẹran náà ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó lè ju ọdún kan lọ, wọ́n ní àwọn èèyàn yìí ní sùúrù o. Mo tilẹ̀ mú wọn dé Padova, wọ́n rìn lábẹ́ àwọn òrùlé tó bo ẹ̀gbẹ́ títì láti òpópónà kan dé èkejì, wọ́n ní ìlú tó kọ́lé fún ẹni tó ń kọjá lọ, ìlú rere ni. Níbi gbogbo, bí a bá ti fẹ́ jókòó, mà á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká sún síwájú díẹ̀." Wọ́n á dìde, wọ́n á tún gèlè wé. "Ìrìn yìí dára, Àjàní. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ni kò ṣeé sọ lórí ìrìn."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta, nídìí oúnjẹ, mo ṣàlàyé fún wọn pé aago máa yí. Mo ní tí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo aago ilẹ̀ yìí á ti fo wákàtí kan síwájú. Ní gbogbo ìgbà òtútù, aago ilé àti aago ibí kì í yàtọ̀; ṣùgbọ́n láti ọ̀la lọ, ilé á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa.

"Ta ló mú wákàtí ọ̀hún?" ni ìyá mi bi mí.

Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ìjọba ni, wọ́n á dá a padà tó bá di oṣù kẹwàá.

"Ṣé ọdọọdún ni?"

"Ọdọọdún ni, màmá."

"Ọdún tí bàbá rẹ kú ńkọ́?"

Mo ní ọdún náà pẹ̀lú. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, wọn ò sì gbé e mọ́. Mo rò pé oúnjẹ náà ò dùn.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyá mi àti ọmọbìnrin mi la lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi dúró ti ọmọ tuntun tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Mo gbé báàgì ìrìn àjò mi dání, torí láti ibẹ̀ ni mo ti máa lọ bá ọkọ̀ aago mẹ́ta. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, tí mo pa fóònù mi, ìyá mi tú ìdí ìró wọn, wọ́n mú aago ọwọ́ kan jáde nínú áńkáṣíìfù. Aago bàbá mi ni, èyí tí awọ rẹ̀ ti gbó, tí mo mọ̀ lọ́wọ́ wọn láti kékeré. "Bàbá rẹ ní kí n fi sí ọ lọ́wọ́," ni wọ́n sọ, wọ́n sì so ó mọ́ mi lọ́wọ́ fúnra wọn. Jálẹ̀ ìsìn náà, mò ń gbọ́ bó ṣe ń dún tín-tín létí mi, mi ò sì gbọ́ ohun tí pásítọ̀ ń wí.

Ó yẹ kó o rí ọ̀sán náà. Òjò ti dá, àwọn òkè tó yí Torino ká hàn gedegbe, yìnyín funfun lórí wọn bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kalẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi, àkókò pọ̀. A rọra rìn. Mo ra yìnyín dídì aládùn fún ọmọ, ìyá mi tọ́ ọ wò, wọ́n ní eyín ń ta wọ́n. Bí a ṣe dé iwájú ibùdókọ̀, aago bàbá mi sọ pé aago méjì ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ọmọbìnrin mi gbójú sókè wo aago ńlá tó wà lára ilé náà. "Papà, sono le tre e venti!"

Aago mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ mi ti lọ. Mo wo ìyá mi. Wọ́n ń wo ẹyẹlé.

"Màmá, aago yìí..."

"Aago ilé ni. Mi ò yí i."

"Ẹ sì mọ̀?"

"Ṣebí ìwọ lo ṣàlàyé ẹ̀ fún wa lánàá. Wọ́n mú wákàtí kan lọ́wọ́ mi, mo ní kí n lọ gbà á padà." Wọ́n nawọ́ sí ọgbà náà. "Ìgbà wo ni ọkọ̀ míì?"

Aago mẹ́fà ni. Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Èmi tí mo ti gun gbogbo ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ yìí, níkẹyìn ni mo wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó ṣì tutù fún òjò, ìyá mi ní ọ̀tún mi, ọmọ mi ń sá ẹyẹlé kiri níwájú wa.

Ìyá mi ní bàbá mi kò sùn. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta tí ìyá mi ń sọ fún mi pé bàbá mi ti sùn, ẹ̀gbẹ́ fóònù gan-an ni bàbá mi máa ń jókòó sí, wọ́n á ní kí ìyá mi gbé ohùn fóònù náà sókè. Àìsàn ti gba ohùn lọ́nà ọ̀fun wọn, wọn ò sì fẹ́ kí n gbọ́ èyí tó ṣẹ́kù. "Bàbá rẹ ní bí o bá gbọ́, wàá wá. Bí o bá wá, o ò ní lè padà, gbogbo ìyà tó o ti jẹ á di asán. Wọ́n mú mi búra. Èmi ni mo pa irọ́ náà fún ọ, Àjàní, ẹnu mi ni mo fi pa á. Má bínú sí mi."

Wọ́n tún bọ́ sí i.

"O rántí pé aago mẹ́jọ alẹ́ lo máa ń pè? Ọjọ́ kan ni ipè rẹ wọlé ní aago méje. Bàbá rẹ wo aago yìí, wọ́n gbé e sétí bóyá ó ti kú. Lọ́jọ́ kejì, aago méje. Lọ́jọ́ kẹta, aago méje. Wọ́n wá rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí, wọ́n ní, 'Àárò wa ń ṣe ọmọ yìí. Kò lè dúró di aago mẹ́jọ mọ́.' Láti ọjọ́ náà, tó bá ti di aago mẹ́fà, wọ́n á ní kí n wẹ̀ fún wọn, kí n dé wọn ní fìlà. Fún ẹni tí kò rí wọn! Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbé kiri láti sọ fún ọ, pé inú bàbá rẹ dùn dọ́jọ́ ikú. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Àná tó o sọ̀rọ̀ aago wọn yìí ni mo tó mọ̀."

Mo sunkún níbẹ̀, nínú ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, mo sì rí ara mi bí mo ṣe wà nígbà náà: lẹ́yìn ilé oúnjẹ náà, fóònù létí, tí mò ń kánjú kí ìsinmi mi má tán. Àwọn alẹ́ kan wà tí mo pè torí pé ó yẹ kí n pè. Mi ò lè fi èyí pamọ́ fún wọn.

"Màmá, mi ò yára pè. Aago mẹ́jọ ibí náà ni."

"Mo ti mọ̀. Ṣé àárò wa ò wá ń ṣe ọ́ ni?"

"Ó ń ṣe mí, màmá. Ó ń ṣe mí gan-an."

"Ó tán. Bàbá rẹ ò ṣì í."

Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi lórí ilẹ̀ tútù yẹn, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Ìyá arúgbó kan tó ń fa ajá kọjá dúró, ó béèrè pé ṣé kò sí o. Ọmọ mi dá a lóhùn kí n tó gbórí sókè: "Sta salutando la nonna." Ó ní mò ń kí ìyá àgbà ni. Obìnrin náà mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé, ó fa ajá rẹ̀ lọ.

Oṣù karùn-ún ni ìyá mi padà sílé. Mi ò yí aago náà títí dòní. Aago ilé ni mo fi ń rìn káàkiri Torino àti Padova, mà á fi wákàtí kan kún un lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí oṣù kẹwàá dé, tí ìjọba dá wákàtí náà padà tí aago méjèèjì tún dọ́gba, ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́gbà yẹn tó yé mi tán. Bàbá mi kú nígbà òjò. Wọn ò dúró rí ìgbà tí ipè mi ì bá padà di aago mẹ́jọ. Ẹni tó wà nílé kò rí ibi iṣẹ́ wa, kò rí ọkọ̀ tá à ń sá bá. Kìkì wákàtí tí a pè ló ní lọ́wọ́, òun ló fi ń wọn ìfẹ́ wa. Irọ́ kọ́ ni bàbá mi gbà gbọ́. Òtítọ́ tí èmi ò ráyè sọ ni wọ́n bá mi sọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí aago padà yẹn, bó ṣe ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọwọ́ aago bàbá mi dé orí méje, mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé, mo pe ilé. Ìyá mi gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Àjàní, aago wọn ò tíì padà ni? O ti yára pè."

"Ó ti padà, màmá," ni mo wí. "Àárò yín ló ń ṣe mí."