Ojú Kò Sí Nínú Ìwé Kóòtù

Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun tó dà pọ̀ mọ́ èéfín dísẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ ni mo fi ń rántí Òrè títí di òní. Ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ ni màmá mi ti ń sun bọ̀ọ̀lì fún àwọn arìnrìn-àjò lẹ́yìn tí òun àti bàbá mi kọ ara wọn sílẹ̀. Bàbá mi wà ní Òdìgbó, nídìí oko kòkó rẹ̀. Ayé ìjọba ológun ni, ìwọ náà á rántí, nígbà tí ọ̀wọ́n gógó mú gbogbo ilé débi pé ṣúgà di ohun tí à ń tọ́jú pamọ́ fún àlejò. Kóòtù ìbílẹ̀ ti pàṣẹ pé kí bàbá mi máa gbọ́ bùkátà oúnjẹ mi àti ilé ìwé mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀ fún màmá mi. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, kò fi oṣù kan jẹ wá. Bí oṣù bá ti parí, awakọ̀ kan láti Òdìgbó á gbé gààrí, epo àti owó ilé ìwé wá fún wa ní gáréèjì. Bàbá mi fúnra rẹ̀ kì í yà lọ́dọ̀ wa.

Mo tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí ohun tí tíṣà ń kọ sójú pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí ẹfun tí ẹnì kan fi ọwọ́ nù kiri. Díẹ̀díẹ̀ ló dé, n kò sì mọ̀ pé àìsàn ni. Ìwé ẹni tó jókòó tì mí ni mo ń wò kọ, títí tíṣà fi ká mi mọ́ ọn. Ó kọ lẹ́tà sí màmá mi pé bí n kò bá rí awò ojú lò, n kò ní lè yege ìdánwò sẹ́kọ́ńdìrì. Owó bọ̀ọ̀lì kò lè ra awò ojú. Ni màmá mi bá mú mi lọ sí Òdìgbó. A bá bàbá mi níbi tó ti ń yí kòkó nínú oòrùn. Ó ka lẹ́tà náà tán, ó dá a padà.

“Oúnjẹ àti ilé ìwé ni kóòtù sọ. Ojú kò sí níbẹ̀.”

Màmá mi ní, “Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń kàwé ni?”

Bàbá mi kọ ẹ̀yìn sí wa. Kò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá, ó padà sídìí kòkó rẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ tó sọ lọ, mo sì sunkún títí a fi dé Òrè.

Màmá mi tún gbé e lọ sí kóòtù. Alága kóòtù, bàbá arúgbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ sókè, bi bàbá mi pé kí ló dé tí kò fẹ́ ṣe nǹkan yìí fún ọmọ rẹ̀. Bàbá mi dìde.

“Ọmọ tí kò kí mi ni, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró ní òdìkejì títì ní Òrè. Ó wojú mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ.”

Gbogbo ilé kùn hùn-ún. O mọ bá a ṣe rí nílẹ̀ wa: ọmọ tó rí bàbá rẹ̀ tí kò kúnlẹ̀, àwíjàre wo ló ní? N kò rántí ọjọ́ kankan tí mo rí i.

Alága ní kí n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n kọjú síta. Ó ní kí bàbá mi àti ọkùnrin mẹ́ta tó ń dúró de ẹjọ́ tiwọn tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n yíjú padà, kí n kí bàbá mi láti ibi tí mo wà. Aṣọ mẹ́rin ni mo rí, kò sí ojú lórí ọ̀kankan. Mo fi ọkàn yan ọ̀kan, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ káàárọ̀, bàbá mi.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Láti ìkángun kejì ni bàbá mi ti dáhùn: “Èmi rèé, ọma mi.” Èdè ìlú rẹ̀ ló fi pè mí ní ọmọ.

Alága sọ fún akọ̀wé pé ohun tí ọmọ fi ń kàwé wà lára ilé ìwé, kó kọ ojú kún un. Bàbá mi ní kí wọ́n má wulẹ̀ kọ ọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló mú mi lọ sí ọsibítù ní Oǹdó, ó sì di ọwọ́ mi mú ní gbogbo ibi tá a dé.

Ó ti pẹ́ tó ti kú. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí bàbá àti ìyá kan ń jiyàn lórí ohun tó yẹ kí owó ìtọ́jú ọmọ ká, inú mi máa ń bàjẹ́, nítorí ìwé ni àwọn méjèèjì máa ń wò. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé tirẹ̀ ni bàbá mi san. Ti awò ojú, mo ti dárí jì í tipẹ́. Èyí tí n kò tíì lè gbàgbé ni ẹ̀ẹ̀mẹta tó dúró ní òdìkejì títì yẹn, tó ń retí kí n kí òun, tí kò sì pe orúkọ mi.